Fóònù Tí Wọ́n Fún Tòún

Tòún ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn kan ní mo yájú, pé mi ò pè é ní Àǹtí. Òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní "ẹ" fún un, á wẹ̀yìn wò, á máa wá ẹnì kejì tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà á gbá mi lórí.

Odi ni. Mo tètè sọ ọ́ torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Kì í ṣe adití o. Ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Gìrì ló mú un ní kékeré, kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí gìrì yẹn lọ, ó mú ohùn lọ, ó fi etí sílẹ̀. Ìyá wa máa ń ní ì bá sàn kó mú méjèèjì.

Torí ohun tí etí yẹn gbọ́ pọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọn kì í rẹ ohùn sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan ní Ìwó. Ìyá ọkùnrin náà jókòó tì í, ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé òun ò lè gbé odi sílé, pé ọmọ tó bá bí á máa gbó bí ajá. Tòún wà níbẹ̀, ó ń bá a bó iṣu.

Nígbà tí bàbá wa kú, tí ìyá wa náà kú, Tòún mú mi wá sí Ọ̀fàdà. Iṣẹ́ tó rí ni kó máa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹ mọ̀ pé ìrẹsì ibẹ̀ dùn, òkúta inú ẹ̀ ò sì kéré. Á jókòó sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ, á gbé àtẹ lé itan, ìka ẹ̀ á máa sáré bí ìgbà tí adìyẹ ń ṣa àgbàdo. Ìyẹn ló fi rán mi ní iléèwé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, owó tán. Bí ohun tí mo kọ síbí bá wọ́, ibi tí mo kàwé dé nìyẹn.

Kì í ju àwọn òkúta yẹn nù. Inú agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí. Ọmọ tó bá pè é ní odi, á jẹ òkúta. Òkò ẹ̀ kì í tàsé. Àwọn ọmọ Ọ̀fàdà kọ́ láti máa pè é ní "Àǹtí Onírẹsì" láti òkèèrè.

Ògúnkànmí ló padà fẹ́ ẹ. Bíríkìlà ni, ará Ẹdẹ. Ó ń bá wọn kọ́lé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra ilẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó wá ra ìrẹsì, ó rí Tòún, ó sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Èyí tí mo ń wá nìyí. Ìyàwó tí kò ní bá mi fẹnu jà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tòún gbé àtẹ, ó fi là á lágbárí. Ìrẹsì dà sílẹ̀. Ògúnkànmí ń fọwọ́ pa orí, ó ní, "Ó dáa, ọwọ́ wà." Oṣù yẹn náà ló wá bá mi pé òun fẹ́ ẹ, torí èmi nìkan ni ẹbí.

Wọ́n lọ ń gbé ní Abúlé Olúgbádé, lẹ́yìn Ọ̀fàdà, ní ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti tán. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, Sátidé ló ń wálé. Èmi lọ sí Ìfọ̀, mo ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó tèmi, Títílọpẹ́.

Oyún tí Tòún kọ́kọ́ ní, ọmọ náà kú sínú. Ó rọbí ní òun nìkan, kò rí ẹni rán níṣẹ́, kò lè ké. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti pẹ́ jù. Obìnrin kan tó wá kí i ní, "Ọlọ́run ò fẹ́ kí ọmọ yẹn náà ya odi ni." Ìkíni ni o. Tòún gbọ́ ọ.

Oyún kejì dé ní ọdún tí fóònù wá di ti gbogbo èèyàn. Ṣáájú ìgbà yẹn, olówó ló ń gbé e. Nígbà tó di ọdún 2004, 2005, àwa tá à ń mọ búlọ́ọ̀kù náà ti ń so ó mọ́ ìdí.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní Mówè nígbà yẹn, ó ti kógbá wọlé báyìí. Mátíróònù ibẹ̀ rí àwọn kan láti Èkó tí wọ́n kó fóònù kéékèèké wá, tí wọ́n ní kí wọ́n pín in fún àwọn aboyún inú abúlé. Wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo wà níbẹ̀ torí èmi ni mo gbé Tòún lọ.

Mátíróònù ṣàlàyé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná owó inú fóònù. "Ẹ máa fílááṣì ni. Ẹ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ gé e. Gbémiga á rí i, á máa bọ̀."

Gbémiga ni ọlọ́kadà tí wọ́n yàn. Ọmọ abúlé ni, kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀. Ó ti fi orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan sínú fóònù ẹ̀. Tó bá wà lórí ọ̀kadà, kò ní láti gbé e sétí. Á ṣáà wojú ẹ̀, á rí orúkọ, á yí ọwọ́ padà.

Nígbà tó kan Tòún, Mátíróònù gbé fóònù náà sẹ́yìn. "Èyí? Kí ni odi fẹ́ fi fóònù ṣe? Ṣé ó fẹ́ máa fi wo aago ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Èkó náà rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Gbémiga ló dá sí i. "Mátíróònù, ẹ fún un jàre. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń fílááṣì. Ìka ni. Ẹ lọ wo ìka Tòún lórí ìrẹsì, kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n fún un. Òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ: Gbémiga ló gbà á fún un.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tí fóònù yẹn ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tó ti wà láyé, kò pe ẹnikẹ́ni rí. Tó bá ń wá ọ, á rìn tọ̀ ọ́ wá. Báyìí, ó wà ní Olúgbádé, mo wà ní Ìfọ̀, mò ń po sìmẹ́ńtì, fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan. Tòún ni. Màá nu ọwọ́, màá fílááṣì ẹ̀ padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kí mi, mo ti jẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi á ní, "Ìyàndá, odi ẹ ti pè." Màá ní, "Àwọn tó ní ẹnu nílé yín ńkọ́, wọ́n ti pè yín?"

Ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé ní Olúgbádé: lórí òkìtì kan lẹ́yìn ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gun ibẹ̀, pẹ̀lú ikùn.

Ètò náà ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò ṣiṣẹ́. Obìnrin fílááṣì, Gbémiga dé, wọ́n bí, ọmọ ké. Wọ́n sọ ọmọ kan ní Gbémiga. Ó wá ń gbéra ga díẹ̀, ó ń pe ara ẹ̀ ní áḿbúláǹsì.

Òjò ló bà á jẹ́. Ó rọ̀ lé Gbémiga lórí lọ́nà oko, omi wọ fóònù ẹ̀, fóònù kú. Síìmù ò kú. Ó fi sí fóònù mìíràn, nọ́ńbà kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ abúlé ti bá fóònù tòjò pa lọ. Fílááṣì á wọlé báyìí, nọ́ńbà gbọọrọ ló máa rí, kò ní mọ ibi tó ti wá. Ó di dandan kó máa pe oníkálùkù padà, kó bi í léèrè.

Àwọn ọmọkùnrin kan lábẹ́ afárá ní Mówè gbọ́. Nọ́ńbà Gbémiga wà lára ògiri ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fílááṣì ẹ̀. Tó bá pè padà, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa kérora bí obìnrin tó ń rọbí, ọkùnrin gìrìwò. Gbémiga á máa pariwo, "Ìyá, abúlé wo ni? Ẹ rọ́jú, ẹ sọ̀rọ̀!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Owó inú fóònù ẹ̀ ló ń jó. Ìgbà kan ó ti gbé ọ̀kadà dé ìdajì oko kó tó mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣeré.

Ó wá ṣèpàdé fún wa ní Olúgbádé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Mo wá kí Tòún, mo bá ìpàdé náà. Ojú ẹ̀ ti le. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò gba fílááṣì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó pè. Kó sọ orúkọ, kó sọ abúlé. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, mi ò lọ."

Tòún dìde. Ó fọwọ́ lu àyà ara ẹ̀ gbì, gbì. Ó nawọ́ sí ikùn. Ó nawọ́ sí ẹnu.

Gbémiga fọwọ́ bojú. "Ha, Tòún! Má bínú. Tìẹ yàtọ̀. Màá kọ tìẹ síbẹ̀ padà. Tèmi tìẹ, fílááṣì ni."

Mo ní, "Bọ̀dá Gbémiga, ẹ kọ ọ́ báyìí. Kó fílááṣì yín kẹ́ ẹ fi pamọ́."

Ó ní, "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí, àbí o ò mọ̀? Tá a bá parí, a ó jọ gun òkìtì."

Ìpàdé parí. Èrò kan tó fẹ́ lọ sí Mówè ń kánjú. Gbémiga gbé e, ó ń juwọ́ sí wa. "Màá padà wá lọ́la!" Tòún ti wà lórí òkìtì, ó gbé fóònù dání.

Kò padà wá. Mo pè é láti Ìfọ̀, ó ní òun ti gbọ́, pé kí n fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ti rí i. Ó rí i lóòótọ́. Kò fi orúkọ sí i.

Ọjọ́ ọjà Ọ̀fàdà ni. Mò ń tú búlọ́ọ̀kù. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan. Mo fílááṣì padà. Ó tún dún. Tòún kì í fílááṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún dún, kò sì gé e. Mo gbé e. Mo gbọ́ èémí ẹ̀. Ó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè.

Mo ní, "Tòún, mò ń bọ̀. Fílááṣì Gbémiga. Mò ń bọ̀."

Mo sáré lọ ra káàdì, mo pe Gbémiga. Wọ́n ní ó ti pa fóònù. Mo pè é títí. Ó ti pa á. Mo pe Mátíróònù, ó ní, "Gbémiga ló ń gbé wọn, Gbémiga ni kó o pè." Mo ní fóònù ẹ̀ ò lọ. Ó ní, "Máa gbìyànjú ẹ̀." Ó gé e.

Láti Ìfọ̀ dé Olúgbádé, kò sí ọ̀nà tó já tààrà. Mo wọ mọ́tò dé Sáńgò, mo tún wọ òmíràn, mo tún wọ òmíràn. Kò sí ẹni tó lọ́ra nínú àwọn dírẹ́bà yẹn. Ọ̀nà ló jìn.

Orí òkìtì ni mo bá a. Ìyá Ọmọlabí wà lọ́dọ̀ ẹ̀, arúgbó abúlé náà tí ojú ẹ̀ ti ń lọ. Gbogbo àwọn tó lágbára ti lọ sọ́jà. Ọmọ ti jáde, ó ti kú, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó ti wọ ilẹ̀, ilẹ̀ ti mu ún.

Tòún mọ̀ mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ìyá Ọmọlabí ń sunkún, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun gbọ́ tí òkúta ń ró nínú agolo, òun bá ń táràrà bọ̀. Ó bá Tòún níbẹ̀ tó gbé fóònù sétí. "Ìyàndá, ohùn ọkùnrin yẹn ń jáde nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ń ṣépè. Ó ní, 'Ọmọ àlè! Bó o ṣe ń kérora yẹn, bẹ́ẹ̀ lo máa kérora kú!' Ọmọ mi, mo já fóònù náà gbà. Mo pariwo sínú ẹ̀. Mo ní, 'Gbémiga, ará Olúgbádé ni! Tòún ni! Odi ni!' Mo pariwo títí ohùn fi há. Mi ò mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ mọ́."

Mo gbé Tòún sẹ́yìn. Mo sáré dé ilé ẹ̀rọ ìrẹsì. Wọ́n kó àpò ìrẹsì kúrò nínú píkọ́ọ̀pù, a tẹ́ ẹ síbẹ̀. A ò tíì dé Mówè nígbà tí ọwọ́ tó fi dì mí mú tú.

Mátíróònù jáde sí wa. Ó wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Kí ló dé tẹ́ ò pe Gbémiga?"

Mo jáde.

Ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń jókòó sí kò jìnnà sí géètì. Gbémiga wà láàárín wọn, ó jókòó lórí ọ̀kadà ẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò rí mi.

Ó ń sọ pé, "Tòní lágbára. Kò tiẹ̀ dúró kí n pè é, òun fúnra ẹ̀ ló pè! Owó ara ẹ̀ ló ná! Ó ń ṣe hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Mo ní abúlé wo? Hẹ̀, hẹ̀. Mo ní sọ orúkọ ẹ. Hẹ̀, hẹ̀. Mo ṣépè fún un dé ìdílé ìyá ẹ̀. Mo pa fóònù."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó yẹ kó o bá a kérora padà ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo dúró níwájú ẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá Gbémiga, ẹ tan fóònù yín. Nọ́ńbà wo ni?"

Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù mi. Gúgúrú dúró sí i lẹ́nu. Ó tan fóònù. Ó wá nọ́ńbà náà, ó fi hàn mí. Mo mú fóònù Tòún jáde lápò mi. Mo tẹ orúkọ Gbémiga nínú ẹ̀, lẹ́tà G nìkan ni mo fi ṣe orúkọ náà kí Tòún lè dá a mọ̀. Fóònù ọwọ́ ẹ̀ dún. Nọ́ńbà yẹn náà ló gbé jáde.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Tòún?" Ó ní, "Ìyàndá, Tòún ni?"

Mo ní, "Ó gbọ́ yín. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ó gbọ́ ọ."

A sin ín ní Olúgbádé, òun àti ọmọ. Ògúnkànmí gbẹ́ ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Gbémiga wá dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ògúnkànmí ní kó dìde, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Pásítọ̀ náà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi ò sọ fún un pé kó dìde. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Nínú àwọn tó wá kí wa, a rí ẹni tó ní, "Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ fún odi ní fóònù?" A rí ẹni tó ní ó ti sinmi, pé ayé odi, ayé ìyà ni. Mo wò yíká bóyá Tòún gbọ́. Ó ti mọ́ mi lára láti máa wò.

Àwọn ará Èkó padà wá pẹ̀lú ẹ̀wù wọn. Mátíróònù ka iye obìnrin tí fóònù ti gbà là fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á gbé e dé Ìfọ̀, dé Àgbàdo. Kò sí ẹni tó dárúkọ Tòún. Mo bi Mátíróònù. Ó ní, "Ìyàndá, ọjọ́ ìdùnnú lèyí, ẹ má bà á jẹ́ fún wa."

Gbémiga ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀kadà ẹ̀ jóná, mo tiẹ̀ ra kẹ́rosíìnì. Ṣùgbọ́n ó ń gbé wọn, wọ́n sì ń bí láàyè. Kì í pa fóònù mọ́. Ẹni tó bá kérora sí i nínú ẹ̀, ó ń lọ. Àwọn ọmọ abẹ́ afárá gbọ́ ìyẹn náà, wọ́n ń mú un sáré káàkiri inú oko bí ẹran tó já okùn. Ó ń lọ. Mo gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ mi nínú.

Èmi àti Títílọpẹ́ ti kó wá sí Olúgbádé báyìí, inú ilé Tòún. Ògúnkànmí kò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi lóyún. Oṣù tó ń bọ̀ ni. Mo wá ọlọ́kadà mìíràn títí. Kò sí ẹlòmíì tó mọ ọ̀nà yìí nígbà òjò.

Lánàá mo lọ bá Gbémiga níbi tí wọ́n ń jókòó sí. Mi ò kí i. Mo na fóònù ìyàwó mi sí i, mo ní, "Fi nọ́ńbà yìí pamọ́. Níṣojú mi."

Ó fi í pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi hàn mí. Mo gba fóònù ìyàwó mi padà, mo fi tiẹ̀ náà síbẹ̀. Ó ń wo ìka mi bí mo ṣe ń tẹ orúkọ náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn: APÀNÌYÀN.

Ó kà á tán. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyàndá. Kó ṣáà pè mí."

Nígbà tí mo délé, mo fi han ìyàwó mi, mo ní èyí ni kó tẹ̀ tí ìrọbí bá mú un. Kò mọ̀wé. Ó bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀.

Mo ní, "Orúkọ ẹ̀ ni."